Bí ẹ ṣe lè lọ sí bíìṣì Frinton kí òkun má gba kúlà lọ́wọ́ yín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ sí Frinton, a débẹ̀ bí aago mọ́kànlá àárọ̀, yanrìn tẹ́ lọ bẹẹrẹ, òkun ti fà lọ sọ́hùn-ún, èèyàn ò tó mẹ́wàá ní gbogbo ibi tójú mi tó, mo ní háà, ibí yìí ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún wa látọjọ́ yìí. A lọ tẹ́ ẹní sísàlẹ̀ pátá, nítòsí omi, kójú wa lè tó àwọn ọmọ. A jẹun tán, mo fi ìborùn bojú, oorun gbé mi lọ. Omi tútù tó kàn mí lẹ́sẹ̀ ló jí mi. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń léfòó, ọkọ mi ń sáré tẹ̀ lé e, bàtà ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti lọ, a ò rí i dòní. Màmá òyìnbó kan jókòó sókè lórí kọnkéré, ó ń mu tíì ẹ̀, ó ń wò wá, kò sọ nǹkan kan, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó dájú pé ó ti rí irú wa rí.

Látìgbà yẹn a ti lọ tó ìgbà méje mẹ́jọ, mo sì ti wá mọ̀ pé bíìṣì tó bá pa rọ́rọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ ara yín níbẹ̀. Ariwo tẹ́ ẹ sá fún yẹn, òun náà ló máa ń gbé ẹni tó ń ta oúnjẹ wá, òun ló ń gbé ẹni tó ń yáni ní àga wá, àti ẹni tó ń fọn fèrè tí ọmọ bá ti wọnú omi jù. Tí ariwo ò bá sí, gbogbo wọn ò sí nìyẹn. Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ìmúrasílẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìgbádùn ò nílò ẹni tó máa kọ́ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ibẹ̀, Frinton-on-Sea wà ní Essex, lẹ́bàá North Sea, láàárín Clacton àti Walton-on-the-Naze. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ Southend tàbí Margate rí lọ́jọ́ bank holiday tí oòrùn mú, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, àfi bí Oshodi. Frinton ò rí bẹ́ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ kọ́ ọ fún irú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìlú àwọn tó fẹ́ jẹ́jẹ́ ni, ọdún 2000 ni pọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó ṣí nínú ìlú náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa, pọ́ọ̀bù o, ní ilẹ̀ òyìnbó. Pápá koríko gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Greensward ló wà lókè, ẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí ọ̀nà kọnkéré tó lọ gbọọrọ, àwọn ilé pákó kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà yanrìn, lẹ́yìn náà òkun. Ó tán. Kò sí ẹṣin tí ọmọ máa gùn bíi ti Elegushi, kò sí súyà, kò sí ẹni tó máa wá bá yín ya fọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ mú ọjọ́ tó dáa

Tó bá ṣe tèmi, ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ òyìnbó ti padà sílé ìwé, etí òkun ti ṣófo, omi sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, torí pé òkun máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tutù. Nínú oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, omi North Sea níbẹ̀ lè tó 17 tàbí 18 digirí. Ẹ wá wo oṣù karùn-ún, tí London ti mú 24, tí gbogbo èèyàn ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, omi yẹn ṣì lè wà ní 11 tàbí 12. Oòrùn oṣù karùn-ún ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ nílé ìwé, ẹ wo Sátidé inú oṣù kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, tàbí ọjọ́ tí ilé ìwé bá fún àwọn ọmọ ní ìsinmi tí ti ìlú tó kù ò sí. Bank holiday ìparí oṣù kẹjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílé yín.

Tẹ́ ẹ bá ń wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, ẹ má wo oòrùn nìkan, ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Atẹ́gùn tó bá ti ìlà-oòrùn wá, orí òkun ló ti wá tààrà, London lè mú 26 kí Frinton wà ní 19, kẹ́ ẹ sì wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbọ̀n bí ewé. Èyí tó bá ti ìwọ̀-oòrùn wá ló tura, ó máa jẹ́ kí omi dákẹ́ bíi ti adágún, àmọ́ òun náà ní ewu tiẹ̀, mo máa dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ mọ aago òkun kẹ́ ẹ tó mọ aago tíréènì

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà o, tẹ́ ẹ bá máa ka ibì kan péré, ẹ ka ibí. Ní Èkó, òkun ń kún, ó ń fà, àmọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì ò ju bíi mítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò fi kà á sí, ìgbì ló máa ń bà wá lẹ́rù níbẹ̀. Ní etí òkun Essex, òdìkejì ni. Ìgbì kì í sábà ga, ẹ máa rò pé omi yẹn ò lè ṣe nǹkan kan, àmọ́ láàárín ìgbà tó fà tán àti ìgbà tó kún tán, ó lè fi ju mítà mẹ́ta lọ sókè. Yanrìn ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, torí náà bí omi bá fi mítà kan ga, ó ti rìn jìnnà lórí ilẹ̀. Láwọn ibì kan ní Frinton, tí omi bá kún tán, ògiri kọnkéré ló máa ń gbá, yanrìn ò sí mọ́, ẹni tó jókòó sísàlẹ̀ á gun òkè tipátipá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Látìgbà tó bá fà tán sí ìgbà tó bá kún tán, bíi wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú méjìlá. Lẹ́yìn náà á tún máa fà lọ fún iye wákàtí yẹn. Lójoojúmọ́ ó máa ń fi bíi 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí ti àná, tó bá kún ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Sátidé, á kún ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá 50 ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé òun lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi ò sí lọ́sàn-án. Tí òṣùpá bá ti kún rẹ́rẹ́ tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, láàárín ọjọ́ kan sí méjì sígbà yẹn, òkun máa ń kún kọjá bó ṣe yẹ, á sì tún fà kọjá bó ṣe yẹ.

Ohun tó pa wá láyò lọ́jọ́ náà ni pé omi kì í wọlé ní ìwọ̀n kan náà. Àwọn awakọ̀ ojú omi máa ń pín in sọ́nà méjìlá: wákàtí àkọ́kọ́ á mú ìpín kan wá, ìkejì á mú méjì, ìkẹta mú mẹ́ta, ìkẹrin mú mẹ́ta, ìkarùn-ún méjì, ìkẹfà ìpín kan. Ṣé ẹ rí i? Wákàtí àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi ń wò ó, ẹ máa ní kò rìn rárá, ẹ máa fọkàn balẹ̀, ẹ máa sùn, wákàtí méjì tó wà láàárín ló máa gbé ìdajì gbogbo ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Oorun tèmi bọ́ sí wákàtí méjì yẹn gẹ́lẹ́.

Níbo lẹ ti máa rí aago ẹ̀? UK Hydrographic Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wọn òkun, ní ojúlé kan tó ń jẹ́ EasyTide, ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ mélòó kan tó ń bọ̀, ẹ tẹ Walton-on-the-Naze síbẹ̀, òun ló sún mọ́ Frinton jù. Ẹ ṣọ́ra fún wákàtí kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn o, ìwé aago òkun mìíràn máa ń lo GMT ní gbogbo ọdún, tó túmọ̀ sí pé ẹ máa fi wákàtí kan kún un láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ tèmi máa ń mú ni ọjọ́ tí omi bá fà tán ní nǹkan bí aago kan sí méjì ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní mọ́kànlá, omi ṣì ń sá lọ, yanrìn tútù tó mọ́ tónítóní ń yọ sí yín, tó bá fi máa dé ìdí ẹní yín padà, aago mẹ́rin ti kọjá, ẹ ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé yẹn sórí fóònù yín, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máà sí nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta, tíkẹ́ẹ̀tì

Àwa láti Abbey Wood ní London, Elizabeth line ló ń gbé wa dé Liverpool Street, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ́ wọ tíréènì Greater Anglia tó ń lọ sí Clacton, ẹ̀ẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ní Thorpe-le-Soken tàbí Colchester kẹ́ ẹ wọ èyí tó ń lọ Walton, Frinton ló ṣáájú Walton. Gbogbo ẹ̀ lè gba wákàtí kan ààbọ̀ sí bíi méjì láti Liverpool Street. Káàdì Oyster ti London ò débẹ̀, káàdì báǹkì tẹ́ ẹ máa ń gbá mọ́ ẹ̀rọ ò débẹ̀, ẹ má lọ wọlé bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa ṣàlàyé fún ọ̀gá tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì gidi. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Family & Friends Railcard máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún àgbà, ó sì máa yọ 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ, ọmọ tí ò tíì pé márùn-ún ò sanwó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń tún ojú irin ṣe, pàápàá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí wọ́n lè fi bọ́ọ̀sì rọ́pò tíréènì, ìrìn àjò yẹn á wá di ti Ìbàdàn sí Kano. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò, A12 lẹ máa gbà, ẹ ka pátákó ibi ìgbọ́kọ̀sí kẹ́ ẹ tó rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò sí ohun tí mo tún lè sọ sí ti mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹrù

Ẹ dín in kù. Ẹ máa rìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ibùdókọ̀ gba Connaught Avenue dé Greensward, ẹ tún máa sọ̀kalẹ̀, ẹ sì máa gun ún padà nígbà tó ti rẹ̀ yín. Kúlà ńlá tá a máa ń gbé lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ fi sílé. Tèmi ti di kúlà kékeré tó ṣeé gbé kọ́ èjìká. Jọ̀lọ́ọ̀fù dára, àmọ́ atẹ́gùn ń gbé yanrìn sínú ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, torí náà mo ti sọ ọ́ di mọ́ínmọ́ín, mítípáì, ẹyin sísè, àti adìyẹ díndín, ohun téèyàn lè mú lọ́wọ́ kan kó sì bo ìyókù padà. Fíláàsì omi gbígbóná kan fún Milo, ẹ má rẹ́rìn-ín, tí ọmọ bá jáde nínú omi yẹn tó ń gbọ̀n, ẹ máa rántí mi. Omi mímu tó pọ̀. Áńkárá méjì, ọ̀kan fún jíjókòó, ọ̀kan fún bíbora nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí London gbóná ẹ mú un. Táwẹ̀lì. Bàtà rọ́bà tó ṣeé wọ̀ wọnú omi. Àpò ìdọ̀tí méjì.

Sunscreen ńkọ́? Àwa dúdú náà ń jóná o, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní mẹ́láníìn ti tó. Atẹ́gùn tútù ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, tẹ́ ẹ bá délé lẹ máa mọ̀ ní imú àti èjìká.

Windbreak, ìyẹn aṣọ gígùn tí wọ́n fi igi gbé ró, ni àwọn òyìnbó kì í lọ síbẹ̀ láìmú, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi ra tèmi. Ẹ mú òkúta kékeré tàbí òòlù tẹ́ ẹ máa fi gbá a mọ́lẹ̀, kí ojú ẹ̀ kọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kì í ṣe síbi tí oòrùn wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún, bẹ́ ẹ bá dé

Ẹ kọ́kọ́ wá ilé ìtọ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ mọ ibi tó wà àti aago tí wọ́n ń tì í, torí ti ìjọba níbi bíìṣì kì í ṣí títí alẹ́, ọmọ kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo ara yanrìn: ibi tí ewé òkun gbígbẹ àti karawun tò sí bí ìlà, ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn. Ẹ jókòó sókè ìlà yẹn. Ká lémi náà mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni.

Ẹ mú nǹkan kan ṣe àmì fún àwọn ọmọ, nọ́ńbà tàbí àwọ̀ ilé pákó tó wà lẹ́yìn yín gan-an. Bíìṣì yẹn gùn, gbogbo ẹ̀ sì jọra wọn lójú ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá jáde nínú omi níbi tí kì í ṣe ibi tó ti wọlé. Mo máa ń kọ nọ́ńbà fóònù mi sí wọn lápá pẹ̀lú bírò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, inú omi

Ní etí òkun kan, tẹ́ ẹ bá rí àsíá pupa òun yẹ́lò méjì, láàárín àwọn méjèèjì ni lifeguard ń ṣọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Pupa nìkan, ẹ má wọlé rárá. Dúdú òun funfun bíi ti bọ́ọ̀dù eré, ti àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì nìyẹn. Tẹ́ ò bá rí àsíá kankan, ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń wò yín, kì í ṣe pé kò séwu. Lifeguard kì í sí ní gbogbo ibi, kì í sì í sí ní gbogbo ìgbà.

Òtútù ló ń pa èèyàn jù nínú omi England, kódà ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa. Tára bá kan omi tútù lójijì, èémí á já, ẹ máa mí gúlegúle, tẹ́ ẹ bá wà nínú omi tó bo orí lásìkò yẹn, omi lẹ máa fà símú. Ó máa ń lọ lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Torí náà ẹ má bẹ́ wọlé, ẹ máa rìn wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ bu omi sí àyà àti ọrùn, ẹ dúró níbi tó dé ìbàdí títí èémí yín á fi balẹ̀. Wetsuit, ìyẹn aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń wọ omi tútù, ti ọmọ ò wọ́n, ó sì máa fi wákàtí kan kún ayọ̀ ẹ̀.

Tí omi bá ń gbé yín lọ, ẹ má bá a jà. Àwọn RNLI, ìyẹn àwọn tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun, ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo èèyàn ni pé kẹ́ ẹ dojú sókè, kẹ́ ẹ gbé orí sẹ́yìn kí etí wọnú omi, kẹ́ ẹ máa rọra fi ọwọ́ gbá omi, kẹ́ ẹ léfòó títí èémí á fi padà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá pariwo tàbí kẹ́ ẹ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ nínú swimming pool kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá rí ẹni tó wà nínú ewu, 999 ni, kó bèèrè Coastguard, kó má wọ inú omi tẹ̀ lé e, kó ju ohunkóhun tó bá lè léfòó sí i, kúlà tó ṣófo náà wúlò níbẹ̀. Àwọn ará Walton àti Frinton ti ní ọkọ̀ ìdóòlà RNLI tiwọn láti ọdún 1884, ẹ ò sì ní sanwó fún un, torí náà kí ìtìjú má mú yín pẹ́ kẹ́ ẹ tó pè.

Bọ́ọ̀tù onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, èyí tó rí bí ẹyẹ tàbí dónọ́ọ̀tì, ibi tí atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wá di ewu nìyí. Láti orí ilẹ̀ ló ń fẹ́ lọ sójú òkun, omi á dákẹ́ rọ́rọ́ létí ilẹ̀, ọmọ á ti jìnnà kẹ́ ẹ tó yíjú. Ẹ má mú un wá rárá. Agbára òkun yẹn, mo máa ń sọ ìtàn Radio Caroline fún àwọn ọmọ mi, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń ṣe rédíò láìgba àṣẹ lójú òkun àgbègbè yìí: nínú oṣù kìíní ọdún 1966, ìjì já Mi Amigo, ọkọ̀ irin ńlá, kúrò nídìí ìdákọ̀ró, ó gbé e wá gúnlẹ̀ sí etí òkun Frinton. Ọkọ̀ irin o. Kí wá ni dónọ́ọ̀tì.

Ẹ má wẹ̀ nítòsí ògiri pákó tó na wọnú òkun, ó máa ń wà nísàlẹ̀ nígbà tí omi bá kún, omi sì máa ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí òjò ńlá bá rọ̀ lánàá, ẹ wo ojúlé Environment Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, fún bómi ṣe mọ́ tó, láti 15 oṣù karùn-ún sí 30 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí òjò lè ti omi ìdọ̀tí wọ òkun, ohun tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń bínú sí nìyẹn. Tí nǹkan bá gún yín lẹ́sẹ̀ nínú yanrìn tó sì ń ta yín bí iná, ó lè jẹ́ ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ weever, omi gbígbóná tẹ́ ẹ lè fara dà ni oògùn ẹ̀, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fíláàsì yẹn tún rèé.

Ìgbésẹ̀ keje, ẹ rìn dé Naze bí ẹsẹ̀ bá gbà yín

Láti Frinton, ọ̀nà kọnkéré yẹn gbé èèyàn lọ tààrà sí Walton, bíi ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú ọmọ, ẹ máa rí afárá gígùn tó wọnú òkun, ibẹ̀ ni eré àti chips wà, ariwo náà wà. Ẹ mú chips yín mọ́ra, àwọn ẹyẹ funfun ibẹ̀ burú ju àwọn ọmọ CMS lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń wá. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ síwájú, ẹ máa dé Naze, ilẹ̀ gíga tí ilé ìṣọ́ kan wà lórí ẹ̀, ọdún 1720 ni wọ́n kọ́ ọ kí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Harwich lè máa fi ṣe àmì. Àtẹ̀gùn 111 ló wà nínú ẹ̀, mo kà á.

Etí òkun ìsàlẹ̀ Naze ni mo fẹ́ràn jù ní gbogbo Essex. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń wó sínú òkun ní bíi mítà méjì lọ́dún, ilé ọmọ ogun kékeré kan tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ sórí òkè nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ti wà nísàlẹ̀ nínú yanrìn báyìí, kò sẹ́ni tó gbé e, ilẹ̀ ló sá lábẹ́ ẹ̀. Ohun tó ń wó yẹn ló ń kó ìṣúra jáde: eyín ẹja ṣáàkì, kì í ṣe ṣàkì inú ẹran o, ẹja ni mò ń sọ, tó ti wà nínú amọ̀ yẹn fún ohun tó ju mílíọ̀nù 50 ọdún lọ. Dúdú ni, ó ń dán, ó mú ṣóńṣó. Ẹ wá a láàárín òkúta wẹ́wẹ́ létí omi nígbà tí òkun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ẹ fara balẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo dípò kẹ́ ẹ máa rìn kiri. Ọmọ mi obìnrin rí mẹ́rin lọ́jọ́ kan, èmi ò rí nǹkan kan. Ẹ má gbẹ́ ara ògiri ilẹ̀ yẹn, ẹ má jókòó sábẹ́ ẹ̀, ó máa ń ya lulẹ̀ láìkìlọ̀, kẹ́ ẹ sì yíjú padà kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, torí ó lè dí ọ̀nà yín. Ẹ̀yìn Naze, ẹrọ̀fọ̀ ni, kò mọ ọmọ kò mọ àgbà, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ, àwọn aládùúgbò

Èèyàn ibẹ̀ máa ń jókòó jìnnà síra wọn, ẹ má lọ jókòó ti ẹnikẹ́ni nígbà tí ààyè pọ̀ tó báyìí, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ bèèrè nǹkan. Ẹ kí wọn. Àwa tá a ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú atẹ́gùn, ẹ kú ìgbafẹ́, morning kan ṣoṣo ò lè wọ́n wa, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lé e, ẹ ti di ọ̀rẹ́. Spíkà ńlá, ẹ fi sílé. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ fújì ní Frinton, kó fi sí etí ara ẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìjọ aláṣọ funfun tẹ́ ẹ fẹ́ràn àdúrà etí òkun, àdúrà ò ṣòro, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù, àárín ìlà-oòrùn àti gúúsù ni bíìṣì yẹn kọjú sí, nínú oṣù kẹfà oòrùn máa ń yọ kó tó aago márùn-ún àárọ̀, ó rẹwà ju ohun tí mo lè kọ lọ. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá gbé wá, ẹ gbé e padà, àbẹ́là, èso, ìgò, gbogbo ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá jù sí òkun ní àárọ̀, òkun á dá a padà síwájú ilé pákó ẹnì kan ní ìrọ̀lẹ́, orúkọ gbogbo wa ni wọ́n máa fi pè é.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, pípadà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú tíréènì yín, torí ọmọ tó bá ti wọnú yanrìn kì í jáde lẹ́ẹ̀kan, àtẹ̀gùn yẹn sì ga ju bó ṣe rí láàárọ̀ lọ. Ẹ mọ tíréènì tó kẹ́yìn. Ẹ fi omi gbígbóná tó kù nínú fíláàsì po tíì fún àwọn àgbà, ẹ jókòó díẹ̀ lórí Greensward kẹ́ ẹ wo àwọn ọkọ̀ ẹrù ńláńlá tó ń wọ Felixstowe, àwọn ọmọ mi máa ń jiyàn èwo nínú wọn ló máa dé Apapa. Kẹ́ ẹ wá gbọn bàtà gbogbo wọn ní Thorpe-le-Soken nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró de tíréènì kejì, ẹ yí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò wọn padà kẹ́ ẹ gbọn ìyẹn náà, torí tẹ́ ẹ bá gbé yanrìn yẹn délé, ẹ máa máa rí i lórí bẹ́ẹ̀dì títí di Kérésìmesì.